Ìlú Tó Ń Ka Àwọn Tó Ti Lọ

Alberta,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Fẹ́búárì, 1981

Bàbá mi àgbà ọ̀wọ́n,

Mo kí yín púpọ̀. Mo kí orúnkún yín ọ̀tún tó ń dùn yín, mo kí ti òsì náà tó ń retí àsìkò tirẹ̀. Ẹ kú òtútù, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀ òtútù níwájú mi o. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, òjìji mi dì mọ́lẹ̀ níwájú ilé ẹ̀kọ́. Mo fà á, kò tu. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ẹ ò kọ̀wé láti Kérésì. Ṣé yíǹkì ló gbẹ ni, àbí ìfẹ́? Bàbá mi ò ní sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó bá ti ibi iṣẹ́ epo dé, àpótí lẹ́tà ló máa ń ṣí kó tó bọ́ bàtà.

Ó dára, mo ti kí yín tán. Mo ti dá ọ̀ràn.

Ọ̀gbẹ́ni Beaupré, olùkọ́ wa, ní kí oníkálukú kọ nípa ìlú tó ti wá: ìtàn rẹ̀, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, àti iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló yẹ kí n kọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà ní kíláàsì wa, Darcy lorúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó ní òun wo máàpù títí, òun ò rí Anse-Marsolet, àfi ibì kan tí eṣinṣin yàgbẹ́ sí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá dìde, mo ń ka ìwé mi, mo sì ń fi iyọ̀ sí i bí mo ṣe ń kà á lọ.

Mo ní Marsolet tó dá ìlú wa sílẹ̀, olè ojú omi ni, pé ó kó wúrà kún ọkọ̀ débi pé àwọn ẹja ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ríran. Mo ní òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ga débi pé a máa ń so okùn mọ́ àwọn màlúù, kí wọ́n má baà já sínú ihò èéfín ilé onílé. Mo ní odò wa fẹ̀ débi pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lè bímọ kó tó dé òdìkejì. Mo wá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ni wá.

Darcy pa ẹnu dé. Adùn rẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Beaupré ní ilé ẹ̀kọ́ ní ètò kan tí wọ́n fi ń gbé ọmọ kíláàsì lọ wo ìlú mìíràn, pé kí a dìbò. Gbogbo ọwọ́ ló na sókè fún Anse-Marsolet. Méjì ni Darcy na. Ọjọ́ kejì oṣù Júùnù ni àwa ọmọ méjìlélógún àti olùkọ́ wa máa dé, a ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá àgbà, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí olùkọ́ yẹn. Ẹ sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wa rìnrìn-àjò díẹ̀. Ẹ sì fi ṣáwá gbígbẹ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dì í dáadáa. Ti ìjelòó, ìka méjì ni apínlẹ́tà fi gbé e.

Ẹ má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọmọ yín tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀,
Ghislaine


Anse-Marsolet,
Ọjọ́ kejì, oṣù Máàṣì, 1981

Ghislaine,

Mo gba lẹ́tà rẹ. O ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni, n kò sì fi hàn. Mo kà á sí Wellie oníbúrẹ́dì létí ni. Ó rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi jóná.

O bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ̀wé. Bàbá rẹ ńkọ́? Ẹni tó ń ṣí àpótí tirẹ̀ lójoojúmọ́ tí kì í fi nǹkan kan sínú ti ẹlòmíràn, ṣé òun ni àkùkọ tó ń wá ẹyin nínú ìtẹ́?

Wàyí o, jẹ́ kí n fi òótọ́ bọ́ ọ kí irọ́ má baà wú ọ níkùn. Marsolet kì í ṣe olè. Iyọ̀ ló kó. Ó sùn lọ nídìí ọkọ̀, omi fà sẹ́yìn, ó sì fi òun àti ọkọ̀ sórí iyanrìn níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lónìí. Ó jí, ó ní kí òun dúró de ìgbà tí omi á padà. Òjò ló kọ́kọ́ dé, iyọ̀ sì yọ́. Kò ní ẹrù mọ́ tó lè kó lọ fún ọ̀gá rẹ̀, ojú sì ń tì í, ló bá kọ́lé. Ìtàn ìlú wa nìyẹn. Ọmọ ẹni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni gbogbo wa.

Òkè tí o sọ, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń gùn ún pẹ̀lú orúnkún yìí. Màlúù kan ṣoṣo ló já bọ́ níbẹ̀ rí, ti Dubé ni, ní 1954, èso ápù tó ti kan ló jẹ yó. Odò náà, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ fi ń gbé mọ́tò kọjá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Kò sí obìnrin kankan tó bímọ.

Ti iye ènìyàn ló ń dùn mí. 3,412 ló wà lára pátákó tó wà ní ẹnu ọ̀nà ìlú. Théodule akunlé ló kọ ọ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ti wọ́ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dọ̀ yín bí omi tó ń fà, ṣùgbọ́n a kò yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. O mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Ẹni tó lọ kò tíì lọ. Ààyè rẹ àti ti bàbá rẹ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun nìkan ló dá mi lójú nínú yín pé kò ní wọ bọ́ọ̀sì.

Ìjọba ti wá kọ̀wé. Ọjọ́ kẹta oṣù Júùnù ni wọ́n máa ka gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ìlú wa kò bá tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò kọjá odò á lọ sí Rivière-Cassot, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Rivière-Cassot, àwọn tó ń fi ṣúgà sínú ọbẹ̀ ẹ̀wà! Bí ọkọ̀ bá lọ, àwọn awakọ̀ agbégi kò ní gba ibí mọ́. Wellie ní tí kò bá sí wọn, òun náà á di ẹrù òun. Bí oníbúrẹ́dì bá lọ, ta ló kù?

Nítorí náà, sọ fún bàbá rẹ pé bí ìwé ìkànìyàn bá dé ọwọ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé níbí ni ilé òun. Ẹ̀yin méjì. N kò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ṣáwá wà nínú àpò kejì. Mo fi ìwé ìròyìn mẹ́fà dì í.

Èmi bàbá àgbà rẹ,
Adjutor Pineault


Alberta,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Máàṣì, 1981

Bàbá àgbà mi, ọba àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo jẹ ṣáwá náà nínú kíláàsì. Wọ́n ṣí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo jíṣẹ́ yín. Bàbá mi ka lẹ́tà yẹn ní ìnàró, bàtà lẹ́sẹ̀, yìnyín sì ń yọ́ yí i ká bíi pé ó ti tọ̀ sára. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi í sínú páálí oúnjẹ rẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti ṣe iṣẹ́ ìṣirò mi. Ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó wá sí mi lórí, kí ẹ jókòó kẹ́ ẹ má baà ṣubú. Ẹ̀yin nílò orí, èmi náà nílò orí. Ọjọ́ kejì oṣù Júùnù ni a máa dé, ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni wọ́n máa ka ènìyàn! Orí mẹ́tàlélógún la ń kó bọ̀, ti Darcy sì tó ti ènìyàn méjì. Ẹ pín wa sílé-sílé. Bí akànìyàn bá dé, ọmọ ìlú ni wá. Kí gbogbo ìlú náà wá máa rìn kiri ojú títì fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta, kí wọ́n máa pààrọ̀ fìlà, kí Darcy lè rò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ni wọ́n. Ẹ gbà mí, mo gbà yín.

Ẹ tètè fèsì.

Ghislaine


Alberta,
Ogúnjọ́, oṣù Épírì, 1981

Bàbá àgbà,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ṣé ẹ wà láàyè? Bí ẹ bá ti kú, ẹ kọ̀wé kí a mọ̀. Bàbá mi ti ṣí àpótí yẹn títí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi yọ.

Ghislaine


Anse-Marsolet,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Mée, 1981

Ghislaine,

N kò kú. Ojú ló tì mí, ìyẹn sì máa ń pẹ́ ju ikú lọ.

Ọgbọ́n rẹ dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí mo ti máa ń ké ìròyìn lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ké e jáde, gbogbo ìlú sì pàtẹ́wọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ní ká kọ́kọ́ ka ara wa wò ná, kí a mọ iye tó kù. Màdáámù Fernande Caron ni wọ́n fi ṣe é, òun náà ni ìjọba yàn fún oṣù Júùnù. O mọ̀ ọ́n: ó ti gbẹ̀bí ìdajì ìlú yìí, ó sì mọ ìdí ẹni ju ojú ẹni lọ.

Olúkúlùkù kọ iye tó wà nílé rẹ̀. A rò ó pọ̀: 3,388! Olórí ìlú ra ọtí fún gbogbo wa. Fernande kò mu. Ó mú pẹ́ńsù pupa, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Opó Dubé kọ ọmọkùnrin mẹ́fà, gbogbo wọn wà ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó ní wọ́n ń bọ̀ wá gé koríko. Fernande ní koríko ọdún wo. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé. Gbogbo wa la ka àwọn tí kò sí, Ghislaine, kì í ṣe pé a fẹ́ rẹ́ ìjọba jẹ. A kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń kà ni.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó rí orúkọ mẹ́ta lórí ìwé. Ó jókòó.

"Adjutor, Rosaire ọmọ rẹ, níbo ló sùn lánàá?"

Mo ní yàrá rẹ̀ lókè ń dúró dè é.

"Kì í ṣe yàrá ni mo ń kà."

Ó fa ìlà pupa. Ó tún fa ìkejì lórí orúkọ rẹ, ó rọra fà á. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ kíláàsì rẹ fún un. Ó ní àlejò ni wọ́n, ilé wọn ni wọ́n ti máa kà wọ́n, pé òun ti búra níwájú ìjọba, àti pé bí mo bá tún dán irú ẹ̀ wò, òun á ka orúnkún mi mọ́ àwọn òkú.

Ó ku 2,996. Mẹ́rin péré ló ku kí a tó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Pẹ́ńsù pupa yẹn ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ tán.

Ìwọ náà, lọ sọ òótọ́ fún olùkọ́ rẹ kí o tó wọ bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe pé irọ́ burú lójú mi. N kò fẹ́ kí o wá síbí kí ìlú tìrẹ máa tì ọ́ lójú ni.

Bàbá rẹ kò fèsì.

Adjutor


Alberta,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Mée, 1981

Bàbá àgbà,

Ẹ kú àìsinmi. Mo ti sọ ọ́. Mo dìde níwájú gbogbo wọn, mo ní a kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, iyọ̀ ni, ọkùnrin náà sùn lọ. Ọ̀gbẹ́ni Beaupré ní òun ti mọ̀ láti oṣù Fẹ́búárì, òun ti wò ó nínú ìwé. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí a máa lọ. Ó ní ìlú tí ọmọ kan purọ́ tó báyìí nítorí rẹ̀, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Darcy pè mí ní Ẹgbẹ̀rún-Ọgbọ̀n títí di ìsinsìnyí. Mo ti fi ìwé gbá a lórí, orúkọ náà ò tíì kúrò.

Ti bàbá mi: ìwé ìkànìyàn ti dé, ó wà lórí tábìlì. Mo bi í ohun tó máa kọ. Ó ní, "Sọ fún bàbá mi pé ibi tí ènìyàn ti ń jẹun ni wọ́n ti ń kà á."

Mi ò fẹ́ kọ ọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n máa sọ òótọ́.

A ń bọ̀.

Ghislaine


Anse-Marsolet,
Ọjọ́ keje, oṣù Júùnù, 1981

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ẹ jókòó. Ẹ bọ́ bàtà. Bọ́ọ̀sì ti padà lọ, n kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó. A dé ní ọjọ́ kejì. Omi ti fà, ẹrẹ̀ náà sì lọ títí dé ojú ọ̀run. Darcy sáré wọ inú rẹ̀, bàtà rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ títí di òní. Gbogbo ìlú jáde. Opó Dubé gba iwájú wa kọjá lẹ́ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú fìlà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé a ti fagi lé ọ̀rọ̀ fìlà pípààrọ̀ yẹn.

Mo wọ ilé. Àwo mẹ́ta wà lórí tábìlì. Mo ní, Bàbá àgbà, ẹ mọ̀ pé bàbá mi ò bá wa wá. Ó ní òun mọ̀. Mo wo àwo kẹta yẹn, eruku ò sí lára rẹ̀ rárá. Wellie ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ọjọ́ tí a ti lọ, mẹ́ta ni Bàbá àgbà ń tò lójoojúmọ́, tó sì ń fọ mẹ́ta. Oṣù mẹ́rìnlá, Bàbá. Ẹ ní ibi tí ènìyàn ti ń jẹun ni wọ́n ti ń kà á.

Ní ọjọ́ kẹta, Màdáámù Fernande dé pẹ̀lú ìwé ìjọba. Bàbá àgbà wo ògiri, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílé yìí. Ohùn tó fi sọ ọ́ kéré, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún àwo. Mo ní méjì ni.

Màdáámù wò mí. "Àlejò ni ọ́. Níbo lò ń gbé?"

"Ibí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ yìí."

"Búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ dà?"

"Ó wà nínú ife, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín Bàbá àgbà."

Kò gbà mí gbọ́. Ó gun àtẹ̀gùn lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án bóyá ó tutù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní bí òun bá rí mi nínú bọ́ọ̀sì, òun á fà mí bọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ó wá kọ mí sílẹ̀. Pẹ́ńsù dúdú ni, Bàbá.

Ọ̀gbẹ́ni Beaupré pè yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wà níbi iṣẹ́. Bàbá àgbà fọwọ́ sí ìwé pé mo wà lọ́dọ̀ òun. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti kọ orúkọ mi sínú ìwé tiyín, ẹ pa á rẹ́. Màdáámù ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn wà níbi méjì, àfi Ọlọ́run.

Ẹ bínú díẹ̀, kí ẹ má bínú púpọ̀.

Ọmọ yín,
Ghislaine


Alberta,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Júùnù, 1981

Ghislaine,

Mo bínú púpọ̀.

Ìlú kì í gbé ènìyàn ró nítorí pé wọ́n kà á. Mo ta ẹja níbẹ̀ títí kò fi sí ẹja. Nítorí rẹ ni mo ṣe wá síhìn-ín, ìwọ wá fi búrọ́ọ̀ṣì eyín dá mi lóhùn. Bàbá àgbà rẹ kò tọ́ ọ sọ́nà, ó sì mọ̀.

Ní ìparí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, o ó padà wá sílé ẹ̀kọ́. Mo ti sọ̀rọ̀.

Mo pa orúkọ rẹ rẹ́ nínú ìwé yẹn. Irọ́ ni ìbá jẹ́ bí mo bá fi í sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Mo fi bàtà yìnyín rẹ sínú bọ́ọ̀sì Fúráídeè, nítorí pé mo mọ orí rẹ. Ìyẹn náà kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ṣé ó ń fi nǹkan pa orúnkún yẹn?

Bàbá rẹ,
Rosaire


Anse-Marsolet,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Òkìtóbà, 1981

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìnìkanwà, ẹ kú àpótí lẹ́tà. Ẹ ṣeun fún bàtà. Mo mọ̀ pé Ọ́gọ́ọ̀sì ti kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ó ń fi òróró pa orúnkún náà, èmi ni mo ń fi pa á, ó sì ń ké bíi pé mo ń gé e.

Ìwé ìjọba dé lánàá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kà wá, gbogbo ìlú ti ń bẹ Màdáámù Fernande pé kó sọ iye tó jẹ́. Wọ́n gbé ápù fún un, wọ́n bá a gé igi, ó gba ohun gbogbo, kò sọ nǹkan kan. Lánàá ni olórí ìlú já ìwé náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wò ó, ó ṣí fìlà, ó tún wò ó. Ó gbé e fún Bàbá àgbà pé kó bá òun ké e.

3,003.

Ọkọ̀ wa ò lọ. Wellie ju búrẹ́dì sókè. Ẹnì kan dún fèrè ọkọ̀ fún odindi wákàtí kan, kí Rivière-Cassot lè gbọ́.

Bàbá àgbà ń sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni mo gba ìlú là. Ìyàwó Lavoie ní ìbejì tí òun bí lóṣù Mée ni. Opó Dubé ní Hervé ọmọ òun tó padà wá gé koríko ni, lóòótọ́ ló sì padà wá o, gbogbo wa ló yà lẹ́nu, Màdáámù Fernande ló kọ́kọ́ yà lẹ́nu. Ó dà bíi pé èmi nìkan kọ́ ni mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀, Bàbá, nítorí ẹ máa ń bi mí nípa ìṣirò. Bí ẹ bá yọ mí kúrò, ó ku 3,002, ọkọ̀ náà ì bá sì dúró. Wọn ò nílò mi. Mi ò sọ ọ́ fún Bàbá àgbà. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ ìyọkúrò. Àwo mẹ́ta ló ṣì ń tò.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Théodule tún pátákó ẹnu ọ̀nà ìlú kùn láàárọ̀ yìí. Bàbá àgbà dúró tì í títí. Ọ̀dà dúdú tó nípọn ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkẹyìn, ṣọ́ọ̀kì ni Bàbá àgbà ní kó fi kọ ọ́. Théodule bi í pé kí ló dé, ó ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ó fọ̀ ọ́ lọ. Bàbá àgbà gbé àga lọ síbẹ̀, ó gùn ún, ó tún un kọ pẹ̀lú orúnkún yẹn, mo sì di agbòjò mú lé e lórí. Òjò tún ti ń ṣú báyìí, Bàbá àgbà sì ti ń wá bàtà rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òjò kì í tán níbí. Ẹ tètè wá kí a lè fi ọ̀dà kọ 4 síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Ghislaine